“Kò Bá Mi Lára Mu”: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Ìpalára Tí Oògùn Máa Ń Ṣe

Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá mi tí ẹ wà níjokòó, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ apoògùn, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn nítorí pé àga ò kárí, mo kí yín o. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ sì kú ìdúró. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ìpalára tí oògùn òyìnbó máa ń ṣe fún ẹni tó lò ó. Mo ro ibi tí mo lè gbà wọ inú ọ̀rọ̀ náà, n kò sì rí ẹnu ọ̀nà tó dára ju gbólóhùn kan tí kò sí ẹni tí kì í sọ ọ́ nínú wa: “Oògùn yẹn ò bá mi lára mu.”

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀dọ́bìnrin kan tí oyún rẹ̀ ti tó oṣù márùn-ún wá bá mi nídìí káńtà. Ó mú ìwé tí wọ́n kọ oògùn sí fún un níbi tó ti ń gba ìtọ́jú aboyún lọ́wọ́. Fansidar ni wọ́n kọ, hóró mẹ́ta tí yóò gbé mì lẹ́ẹ̀kan náà kí ibà má baà ṣe òun àti ọmọ inú rẹ̀ léṣe. Mo bi í, bí mo ṣe máa ń bi gbogbo ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ mi, bóyá oògùn kan wà tí kì í lò. Ó ní, “Dókítà, Septrin ni. Kì í bá mi lára mu.” Mo ní kí ni Septrin, oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn, máa ń ṣe fún un. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tí kò nídìí. “Kò kàn bá mi lára mu náà ni, sà.”

N ó padà sọ́dọ̀ ọmọbìnrin yìí. Ohun tí mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ rí ni pé gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ni a fi ń bo oríṣiríṣi nǹkan tí kò jọra rárá mọ́lẹ̀. Ẹni tí èébì gbé nítorí pé ó lo oògùn láìjẹun ń sọ ọ́. Ẹni tí awọ ara rẹ̀ bó bí ìgbà tí omi gbígbóná bá dà síni lára ń sọ ọ́. Ẹni tó ra ayédèrú oògùn ń sọ ọ́, ẹni tó gbé oògùn méjì tí kò yẹ kí wọ́n pàdé mì pọ̀ náà ń sọ ọ́. A lè ní kí ẹni àkọ́kọ́ fi àkàrà àti ẹ̀kọ pa inú rẹ̀ lójú kó tó lo oògùn náà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹni kejì, bó bá tún fi ẹnu kan oògùn náà, ó lè bá a lọ sọ́run. Bí àwọn méjèèjì bá wá bá dókítà tí wọ́n sì sọ gbólóhùn kan náà, kí ni dókítà yóò fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀?

Láti ọdún 1972 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ohun tó ń jẹ́ ìpalára oògùn: ohun búburú tí ẹnikẹ́ni kò gbèrò rẹ̀, tó ṣẹlẹ̀ sí ara ènìyàn nígbà tó lo oògùn ní ìwọ̀n tí a máa ń lò ó láti dènà àìsàn, láti ṣàyẹ̀wò àìsàn tàbí láti wò ó sàn. Ẹ di ọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀n yẹn mú. Ẹni tó da odidi ike oògùn sẹ́nu, májèlé ló jẹ, ọ̀tọ̀ ni bí a ṣe ń tọ́jú ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n kú ní ìparí ọdún 2008 lẹ́yìn tí àwọn òbí wọn fún wọn ní oògùn eyín tí wọ́n ń pè ní My Pikin. Ọmọ 84 ni wọ́n kà mọ́ àwọn tó kú. Ara àwọn ọmọ náà kò kọ oògùn. Diethylene glycol tó máa ń ba kíndìnrín jẹ́ ló wọ inú oògùn náà, irú èyí tó ti pa àwọn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1937. Ẹjọ́ ẹni tó po oògùn àti ẹni tó yẹ kó ṣọ́ ọ nìyẹn. Mo yà á sí apá kan kí a lè ráyè gbọ́ ti oògùn tó péye, tí wọ́n sì lò bó ṣe yẹ, tó wá dá wàhálà sílẹ̀ síbẹ̀.

Ní ọdún 1977, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Ìlú Ọba, Rawlins àti Thompson, pín ìpalára oògùn sí ọ̀nà méjì. Àwọn mìíràn ti fi ẹ̀ka kún un lẹ́yìn wọn, ṣùgbọ́n èmi ṣì ń lo ti àwọn méjì yìí nítorí pé ó wúlò fún ẹni tó dúró sí ìdí káńtà. Ọ̀nà kìíní ni èyí tó jáde láti inú iṣẹ́ tí oògùn náà mọ̀ ọ́n ṣe: ó jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an kọjá ààlà, tàbí ó jẹ́ ẹ dé ibi tí a kò rán an dé. Ẹni tó lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà tí kò sì jẹun, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, oògùn rẹ̀ kò ṣìṣe; ṣúgà tó ní kó wálẹ̀ ló wálẹ̀ jù. Ẹni tó ń fi diclofenac tàbí ibuprofen gbé ara dìde lójoojúmọ́ nítorí làkúrègbé, tí ọgbẹ́ wá dá sí i nínú ikùn, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí i: èròjà tí oògùn yẹn ń dá dúró kí orúnkún má baà ro òun, èròjà yẹn náà ló ń dáàbò bo ara ìfun lọ́wọ́ omi kíkan inú. Ìpalára ọ̀nà kìíní yìí ló pọ̀ jù lọ. A lè mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, a sì lè dín in kù, bí ẹnì kan bá sáà ti ronú kàn án.

Èmi fúnra mi kò ronú kàn án nígbà tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi. Wọ́n fún màmá mi ní lisinopril nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀, ikọ́ gbígbẹ tí kò ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀, tó máa ń rìn wọ́n lọ́fun bí ìgbà tí ìyẹ́ adìyẹ bá há síni lọ́nà ọ̀fun, pàápàá bí wọ́n bá dùbúlẹ̀ lálẹ́. A ra omi ikọ́. A ra òmíràn tó wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àbúrò wọn ní òtútù ló wọ̀ wọ́n láyà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ orógbó. Nígbà tó di oṣù kẹta, wọ́n ní kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fún wọn ní ike pé kí wọ́n tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sí i, màmá mi jókòó síta títí oòrùn fi kan àtàrí, kò sí ohun tí wọ́n rí tu. Ní gbogbo àkókò yẹn, èmi tí mò ń fi oògùn jẹun wà nínú ilé. Alẹ́ ọjọ́ kan tí ikọ́ náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn ni mo tó da àpò oògùn wọn sórí bẹ́ẹ̀dì tí mo ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo mú lisinopril lọ́wọ́, ojú tì mí.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò le láti yé ni. Iṣẹ́ méjì ni òṣìṣẹ́ kan ń ṣe nínú ara wa. Iṣẹ́ rẹ̀ kìíní ni pé ó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀. Èkejì ni pé ó ń gbá èròjà kan tí wọ́n ń pè ní bradykinin dànù. Lisinopril dá a dúró kí iṣan ẹ̀jẹ̀ lè dẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ tó ń ru lè wálẹ̀, ó sì ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí agbálẹ̀ kò wá síbi iṣẹ́ mọ́, bradykinin ń gbá jọ sí ọ̀nà ọ̀fun, ó ń rìn ín, ikọ́ sì dé. Dókítà yí oògùn màmá mi padà sí losartan, tó ń gba ọ̀nà mìíràn ṣiṣẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ikọ́ náà lọ. Àwọn ọmọ ìjọ wọn jẹ́rìí pé àdúrà gbà, èmi náà ṣe àmín.

Gbogbo àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí orúkọ wọn parí sí “pril”, bí enalapril àti ramipril, ẹbí kan náà ni wọ́n. Ohun tó le ju ikọ́ lọ ni pé wọ́n máa ń mú kí ètè, ahọ́n tàbí ọ̀fun àwọn kan wú lójijì, ìwádìí sì ti fi hàn pé ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwa aláwọ̀ dúdú ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn aláwọ̀ funfun. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn tí ènìyàn ti lò ó fún ọdún púpọ̀ láìsí wàhálà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn ènìyàn yín tó wà ní London àti Houston tí wọ́n ń lo irú oògùn yìí: ahọ́n tó bá wú lóru kì í dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Ohun tí ìtàn màmá mi tún kọ́ mi ni bí oògùn ṣe máa ń bí oògùn. Amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, mú kí ẹsẹ̀ bàbá kan wú, ẹnì kan rò pé omi ló gbá jọ sí wọn lára, ó fún wọn ní oògùn tó ń mú ni tọ̀. Bàbá ń tọ̀ títí èròjà potassium fi dín kù lára wọn, iṣan ẹsẹ̀ ń há wọn lóru. Wọ́n tún wá ra oògùn iṣan tó ń há. Ìpalára oògùn kìíní ni gbogbo rẹ̀, àfi pé ó ń pa orúkọ dà. Àwọn mìíràn tí ọ̀rọ̀ yìí bá sú a da gbogbo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà sínú ihò ìdọ̀tí. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ru kò ní tìtorí pé amlodipine mú ẹsẹ̀ wú kó má da ènìyàn wó. Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́ fún yín.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí mo máa ń pè ní èèwọ̀ ara. Ilé kan ń jẹ òkété, ilé kejì kò gbọdọ̀ fi kan ẹnu. Òkété kò yí padà, ilé ló yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni penicillin rí fún àwọn kan. Lọ́jọ́ tí ara kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, ó lè dà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, àṣé àwọn ọmọ ogun ara ti ya àwòrán rẹ̀ pa mọ́ bí ẹni ya àwòrán ọ̀daràn. Nígbà tí wọ́n bá tún rí i, ní ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ara a bẹ̀rẹ̀ sí í yún, awọ a wú ní gbándú gbándú, ohùn a há, èémí a ń súfèé, ojú a sì ṣókùnkùn nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ti já wálẹ̀. Abẹ́rẹ́ adrenaline tí wọ́n gún sí itan ní kíákíá ló ń gba ẹ̀mí irú ẹni bẹ́ẹ̀ là. Nítorí èyí ni nọ́ọ̀sì ṣe ń ní kí ẹ jókòó díẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, tí ẹ̀yin sì ń wo aago.

Ṣùgbọ́n bí a bá kó àwọn tó ń sọ pé penicillin kò bá wọn lára mu jọ, tí a sì yẹ̀ wọ́n wò dáadáa ní ilé ìwòsàn, nǹkan bí ẹni mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló lè lò ó láìsí ewu. Ìgbẹ́ gbuuru ló yọ àwọn mìíràn lẹ́nu ní kékeré, àwọn mìíràn jẹ́ pé àìsàn tí wọ́n ń ṣe ló mú ara wọn sú, kì í ṣe oògùn. Síbẹ̀ wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé wọn, láti ọjọ́ náà oògùn tó wọ́n, tó sì le ju penicillin lọ, ni wọ́n ń fún wọn. N kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ dán an wò nílé o. Mo ń fi ohun tí gbólóhùn tí kò ní àlàyé máa ń náni hàn yín ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sọ́dọ̀ ọmọbìnrin mi. Mo bi í bóyá ara rẹ̀ máa ń sú bó bá lo Septrin, ó ní rárá. Ẹnu ń kọ́? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ìtọ́tè kúrò ní igun ètè ìsàlẹ̀ lápá òsì. Àpá dúdú kan wà níbẹ̀, ó rí roboto bí kọ́bọ̀ àtijọ́, ó sì ní ètí bí ẹni fi kọ́ńpáàsì yí i. Ó ní ibà ló máa ń jáde síbẹ̀. Ìgbà wo ló máa ń jáde? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọwọ́. Ìgbà kan nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ìgbà kan lẹ́yìn tó sìnrú ìlú tán, àti ọdún tó ṣáájú ìgbéyàwó rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta yẹn ló lo Septrin. Ibi kan náà ló máa ń pọ́n, tó máa ń wú, tó máa ń ta á, tí yóò sì wá dúdú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Oògùn ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí awọ ara, kó máa padà sí ojú kan ṣoṣo bí ẹni tó mọ ilé. Ohun tí kò mọ̀, tí ẹni tó kọ ìwé oògùn náà kò sì rántí bi í, ni pé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní sulfa ló wà nínú Septrin, sulfa náà ló sì wà nínú Fansidar. Ọmọ bàbá kan ni wọ́n, orúkọ ló yàtọ̀. Mo fi ìwé náà sílẹ̀ lórí káńtà, mo pe ilé ìwòsàn tó ti wá lórí fóònù.

Kí ló fà á tí mo fi ka àpá kékeré bẹ́ẹ̀ sí ohun ńlá? Nítorí àìsàn kan tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n àpá náà ni. Ní ọdún 1922, àwọn dókítà ọmọdé méjì ní New York, Stevens àti Johnson, kọ nípa àwọn ọmọkùnrin méjì tí ibà gbé dè, tí ẹnu wọn bó, tí ojú wọn pọ́n wẹ̀ẹ̀, tí ara wọn sì sú gbogbo. Orúkọ wọn ni a fi ń pe àìsàn náà títí dòní. Oògùn ló sábà máa ń fà á: àwọn ọmọ sulfa, nevirapine tí wọ́n máa ń fún àwọn tó ní kòkòrò HIV, carbamazepine tí àwọn tó ní wárápá ń lò, àti allopurinol tí wọ́n fi ń wo oríṣi làkúrègbé kan. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin lẹ́yìn tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ oògùn náà, ìyẹn ni kì í fi í rọrùn fún ọ̀pọ̀ láti so méjèèjì pọ̀. Wọ́n á rò pé ibà ni, ojú á tún pọ́n, wọ́n á ní àpólò. Nígbà tí awọ ara bá wá ń roni, tó ń lé ròrò, tó sì ń bó bí èèpo ìṣáná tó jóná, ẹnu á yí sí ọ̀tá ilé. Kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó wá bá adìyẹ wí: ẹ dá oògùn náà dúró, ẹ gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ mú páálí oògùn dání. Ẹni tó fẹ́ gbàdúrà lè máa gbà á nínú ọkọ̀.

Àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún níbí yóò bi mí pé chloroquine, oògùn ibà ìgbà kan, ń kọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń dúró dè é. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ lò ó lọ́sàn-án, ó di alẹ́ kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún, láti àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, bí ẹni pé èèrùn ń rìn lábẹ́ awọ tí ọwọ́ kò sì lè tó wọn. Mo fi ẹ̀yìn ha ògiri, mo fi kànìnkànìn ha itan, ìyá mi àgbà ní kí n lọ wẹ̀, omi kàn mí lára, ó tún burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ní ibà ló ń jáde yẹn, kí n fara dà á. Bí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lára nígbà náà, ẹ kò ní rí ẹyọ kan tó sú. Awọ ara ń dán ni. Wọ́n fún mi ní Piriton, oògùn ara yíyún, mo sùn, mo jí, ó ń dúró dè mí.

Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn dókítà ilẹ̀ Nàìjíríà ti ń kọ nípa ara yíyún yìí nínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn, nítorí pé àwa aláwọ̀ dúdú ló ń bá jà jù lọ. Ọ̀pọ̀ rò pé èèwọ̀ ara ni. Ní ọdún 2009 ni àwọn olùwádìí ní Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà fi ara eku hàn pé chloroquine máa ń lọ kan ilẹ̀kùn kan tààrà lára iṣan tó ń gbé ìròyìn ara yíyún lọ sí ọpọlọ, ilẹ̀kùn tó yàtọ̀ sí èyí tí Piriton ń tì. Ọjọ́ tí mo ka ìwádìí yẹn, mo rẹ́rìn-ín nítorí ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn. Ara tó ń yún, nígbà náà, lè jẹ́ ti ọ̀nà kìíní tàbí ti ọ̀nà kejì, a kò lè fi yíyún nìkan mọ̀ ọ́n. Àwọn tó sì gbà pé ibà ló ń jáde fara dà á, àwọn tí kò gbà bẹ́ẹ̀ dá oògùn dúró ní ìdajì ọ̀nà, kòkòrò ibà a sì ṣẹ́kù. Nígbà tó di ọdún 2005 tí ìjọba fi oògùn alápapọ̀ tó ní artemether nínú rọ́pò chloroquine, ìdí tí wọ́n sọ ni pé kòkòrò ibà kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́.

Ìpalára kan wà tí a ń jogún, tí ọ̀pọ̀ nínú wa sì gbé sínú ẹ̀jẹ̀ láìmọ̀. Ẹ̀jẹ̀ pupa ní èròjà kan tí ń jẹ́ G6PD tó ń dáàbò bò ó. Nínú àwọn ọkùnrin ilẹ̀ wa, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni tirẹ̀ kò tó, ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n sì ti ń gbà á. Ohun tó fà á tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín wa ni pé ó ń dín agbára ibà kù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gbé ayé rẹ̀ láìsí àìsàn kankan títí yóò fi pàdé oògùn bíi primaquine tí wọ́n fi ń wo ibà tàbí dapsone tí wọ́n fi ń wo ẹ̀tẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ojú rẹ̀ a pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìtọ̀ rẹ̀ a sì dúdú bí omi ìsápá. Fún ọmọ ọwọ́, kò tilẹ̀ nílò oògùn. Káńfọ̀ roboto funfun tí a máa ń kó sáàárín aṣọ tó, nítorí èròjà tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń tọ́jú aṣọ àkọ́bí de àbúrò rẹ̀, tí ẹ sì ń yọ ọ́ nínú àpótí ní àárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, òórùn yẹn ti fi ibà pọ́njú bẹ̀rẹ̀ ayé ọmọ púpọ̀, ó sì ti ba ọpọlọ àwọn mìíràn jẹ́.

Ní ti oògùn tó ń pàdé oògùn, àpẹẹrẹ kan péré ni n ó mú. Oògùn àpapọ̀ tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá tà ni. Páálí tí wọ́n fi kó wọn wá ti lọ. Ọ̀rá kékeré ló kù, wọ́n dì í lókùn lẹ́nu, hóró funfun méjì, yẹ́lò kan, kápúsù aláwọ̀ pupa àti dúdú kan, hóró róbótó kékeré kan tí kò ní orúkọ lára. Ẹni tó tà á ní òògùn ara ríro ni. Funfun méjèèjì, ó lè jẹ́ pé paracetamol ni. Ẹni náà sì ti ń lo oògùn ọ̀fìnkìn tí paracetamol wà nínú rẹ̀, ó sì ń lo Panadol tó jẹ́ paracetamol náà. Giramu mẹ́rin, ìyẹn hóró mẹ́jọ tó jẹ́ 500 mg, ni àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kọjá láàárín wákàtí 24; bó bá kọjá rẹ̀, ẹ̀dọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ó sì lè tó ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta kí ojú tó fi hàn. Nígbà tí wọ́n bá gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, tí a bi wọ́n pé kí ló lò, ọ̀rá yẹn ni wọ́n máa ń nà sí wa. Inú mi máa ń bàjẹ́ sí ọ̀rá yẹn ju ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo ti sọ lónìí lọ. Ẹ má gba oògùn tí kò ní orúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé oògùn ló ṣe é? Ìbéèrè ni gbogbo rẹ̀. Ṣé lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ oògùn ni ó dé, àbí ó ti wà tẹ́lẹ̀? Nígbà tó dá a dúró, ṣé ó lọ? Ṣé ó ti lò ó rí, tó sì ṣe é bẹ́ẹ̀? Ṣé àìsàn tó ń wò lè fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀? Kí ni ó tún lò pọ̀ mọ́ ọn, títí kan àgbo, títí kan ohun tí ọ̀rẹ́ fún un? Nígbà tí wọ́n ń bí àwọn ọmọ tí apá àti ẹsẹ̀ wọn kò gùn ní Jámánì, Widukind Lenz ní Hamburg ń lọ bá àwọn ìyá wọn, ó ń bi wọ́n ní ohun tí wọ́n lò nínú oyún. Ọ̀pọ̀ ní àwọn kò lo nǹkan kan. Ó padà lọ bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, ó wá dárúkọ oògùn náà fún wọn. Wọ́n ní, áà, thalidomide yẹn, wọn kò kà á sí oògùn rárá, ohun tí wọ́n ń lò fún oorun ni. Láti ọdún 1957 ni ó ti wà lọ́jà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1961 ni wọ́n kó o kúrò, oṣù tó tẹ̀ lé e ni lẹ́tà William McBride jáde láti Australia lórí ohun kan náà. Àwọn ọmọ tó fara gbá a lé ní 10,000 káàkiri ayé. Ní Amẹ́ríkà, Frances Kelsey tó wà ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí oògùn kò fọwọ́ sí i títí ọ̀rọ̀ fi tú.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí ètò ìjábọ̀ tí ayé ń lò. Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní ọdún 1964, pẹ̀lú káàdì aláwọ̀ yẹ́lò. Ti Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní 1968, láti ọdún 1978 ni wọ́n sì ti ń kó ìròyìn náà jọ sí Uppsala ní Sweden. Nàìjíríà wọ ẹgbẹ́ náà ní ọdún 2004 lábẹ́ àjọ NAFDAC. Ìdí tí wọ́n fi nílò ìjábọ̀ wa ni pé ìwọ̀nba ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló máa ń dán oògùn wò kó tó dé ọjà. Bí oògùn kan bá ń ṣe ẹnì kan léṣe nínú 10,000, ó tó 30,000 ènìyàn tí yóò lò ó kí ó tó lè dá wa lójú pé a ó rí ó kéré tán ẹnì kan. Àwọn 30,000 yẹn, inú ìlú ni wọ́n wà, wọ́n ń ra oògùn, wọ́n ń lọ sílé. Ẹ̀yin náà lè jábọ̀, kò pọn dandan kó jẹ́ dókítà: orúkọ oògùn, nọ́ńbà NAFDAC àti nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìpo kọ̀ọ̀kan mọ̀ lára páálí, ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ohun tó ṣe, ọjọ́ tó lọ, àti gbogbo ohun mìíràn tí ẹ lò. Apoògùn tó wà nítòsí yín yóò bá yín kún fọ́ọ̀mù.

Ọmọbìnrin ọjọ́ náà kò lo Fansidar. Ilé ìwòsàn ní kó máa sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, kó sì wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ bá kọ́kọ́ gbóná. Mo gé káàdì kan fún un, mo kọ ọ́ sí i ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé Septrin, Fansidar àti gbogbo ohun tó ní sulfa máa ń mú ètè rẹ̀ wú, ó sì ń dúdú ní ojú kan náà, ìgbà mẹ́ta. Ó kà á, ó yí i padà, ó ní kí n tún un kọ ní Yorùbá sí ẹ̀yìn, kí ìyá ọkọ òun lè kà á fún wọn bí òun kò bá lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.